Ìṣó Tí Mò Ń Fi Kọ́kọ́rọ́ Kọ́

Ìṣó kan wà lára ògiri yàrá fáìlì
ní ọsibítù wa l'Ómù-Àrán,
lọ́wọ́ ọ̀tún, bí ẹ bá ti ń wọlé.
Ibẹ̀ ni ìdì kọ́kọ́rọ́ máa ń sùn.
Ọdún méjìdínlógún ni mo fi gbé e kọ́, tí mo fi gbé e sọ̀.

Ojú ni mo fi ń mọ ẹni tó yẹ nígbà náà.
Nọ́ọ̀sì ní kí n yá òun, mo yá a.
Nọ́ọ̀sì yá dẹ́rẹ́bà,
dẹ́rẹ́bà yá ọ̀rẹ́ rẹ̀,
ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì rèé, ẹnu rẹ̀ kò ní ìdérí.
Fáìlì Mojírádé aránṣọ ló bọ́ sí i lọ́wọ́.
Kó tó di ọjọ́ Jímọ̀, ohun tó bá dókítà sọ ní kọ̀rọ̀
ti dé gáréèjì Àjàṣẹ́, ó ti ń padà bọ̀.
Wọ́n ní ẹyin lohùn.
Ti Mojírádé kò bọ́ lọ́wọ́ tirẹ̀.
Ọwọ́ mi ló ti bọ́.
Ó di ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ mọ́ orí ọ̀kadà, kò dágbére.
N kò jalè o. N kò purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni.
Kọ́kọ́rọ́ ni mo yá ènìyàn.

Ìgbà tí Sàádátù fi dé láti Ìlọrin
pẹ̀lú kọ̀ǹpútà mẹ́rin àti wáyà rẹpẹtẹ,
ó bi mí pé, "Bàbá, ta ló yẹ kó rí kí ni?"
Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ.
"Ẹ má dárúkọ ènìyàn. Iṣẹ́ ni kí ẹ dá.
Ipò la ó fún ní kọ́kọ́rọ́.
Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ ni yóò lò ó;
bó bá dìde, kò ní bá a dìde."
Mo ní ó yé mi:
ọba ń wàjà, oyè Olómù kì í bá a wọlẹ̀.
Ó rẹ́rìn-ín, ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ.
Akọ̀wé owó, aago mẹ́jọ sí mẹ́rin;
lẹ́yìn ìyẹn, ilẹ̀kùn á di ògiri.
Àwọn fáìlì kan sì wà tó lẹ àmì pupa mọ́,
tí dókítà tó kọ ọ́ gan-an
kò lè dá a yá ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Lóṣù Agẹmọ, òjò ń rọ̀, wọ́n gbé Ìbídùn àbúrò mi wọlé lóru.
Mo tẹ orúkọ mi. Mo tẹ ọ̀rọ̀ ìwọlé mi. Mo tẹ orúkọ rẹ̀.
Ẹ̀rọ ní: O KÒ LÁṢẸ.
Èmi?
Mo ní, "Ọmọ ìyá mi ni,"
mo ń bá gíláàsì sọ̀rọ̀ bí ẹni orí rẹ̀ dàrú.
Kò mọ ọmọ ìyá. Kò mọ ọ̀tá náà.
Mo pe Sàádátù, aago méjì òru.
"Bàbá, bí mo bá ṣí i fún yín báyìí,
ta ni n ó tì í mọ́ lọ́la?"
Mo bú u. Mo sọ ohun tí àgbà kì í sọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ìbídùn dìde jókòó.
Ó sọ ìwọ̀n tó fẹ́ kí n gbọ́;
èyí tó kù, ó fi ẹ̀kọ gbígbóná gbé e mì.
N kò bi í.
Mojírádé ni mo ń rò.

Oṣù kẹsàn-án tó kọjá, mo fẹ̀yìn tì.
N kò tíì mu mọ́ọ̀tì tí wọ́n fún mi tán
tí Sàádátù ti yọ orúkọ mi.
Mo tẹ̀ ẹ́ wò ṣá.
O KÒ LÁṢẸ.
Kàmórù, ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́, jókòó sórí àga mi,
ó fi èjìká bo ojú ẹ̀rọ kí n má baà rí i.
Inú mi dùn, ó sì tún dùn mí.

Ìṣó náà ṣì wà níbẹ̀.
Kàlẹ́ńdà ni wọ́n fi kọ́ ọ.